Pákó apá tí wọ́n ń béèrè ní Ítálì: ta ló ń ka igi tó kù nígbó? (Ìjíròrò yìí wáyé kí Nàìjíríà tó fòfin de kíkó igi àti pákó jáde ní oṣù kejìlá 2025.)

Ọmọ Ìkọ̀lé:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo ti ń la gẹdú. Oníbàárà kan ní Ítálì fẹ́ pákó apá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé, èyí tí a ti fá, tí a sì ti gbẹ́ etí rẹ̀ kí wọ́n lè wọnú ara wọn. Inú oko kòkó ni igi náà wà, kò pọ̀, ẹni tó fẹ́ tà á fún mi sì ní ìwé àṣẹ ìgégi ti ìpínlẹ̀. Ajẹ́ńtì ní ìwé yẹn kò tó, pé àfi kí ìjọba àpapọ̀ wádìí bóyá ọjà yìí kò ní pa apá run. Igi díẹ̀ inú oko? Kí gan-an ni wọ́n ń wádìí?

Bàbá Igbó Ọba, Adó:
Àbúrò mi, òótọ́ ni ajẹ́ńtì sọ. Ní ìpàdé CITES (àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti igi tó lè run) ní Panama lọ́dún 2022 ni wọ́n kó apá, ọ̀gànwó àti osùn ilẹ̀ Áfíríkà sábẹ́ Àfikún Kejì, ìyẹn àwọn tí a kò gbọdọ̀ tà sókè òkun láìsí ìwádìí àti ìwé àṣẹ, òfin náà sì múlẹ̀ ní oṣù kejì 2023. Irú pákó tìrẹ wà nínú rẹ̀. (Pákó tí a kàn là lásán kò tilẹ̀ gbọdọ̀ jáde ní Nàìjíríà.)

Ìwé ìpínlẹ̀ ń fi hàn pé o kò jí igi gé. Wọ́n á béèrè rẹ̀. Àmọ́ iye apá tó kù kò sí nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ yàn ló ń wo ìyẹn, wọn kì í sì í wo tìrẹ nìkan. Wọ́n á ro tìrẹ mọ́ ti Ọ̀yọ́ àti Kwara, mọ́ èyí tí wọ́n jí gé, mọ́ èyí tí a fi kan ilẹ̀kùn nílé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè: ṣé àwọn tó ń so ṣì pọ̀? Ṣé ọmọ ń hù lábẹ́ wọn?

Èyí ló ń dùn mí jù. Mo ti rin igbó tí apá ńlá dúró, tí n kò rí ọmọ kan lábẹ́ rẹ̀. Apá kì í tètè dàgbà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn darandaran á gé ẹ̀ka rẹ̀ fún màlúù, kò sì ní lè so dáadáa. Bí ẹ̀rọ ìgégi bá tún wá mú ìyá igi, níbo ni irúgbìn yóò ti wá?

Ẹ wo kosso, igi kan tó bá osùn tan, tí wọ́n kó lọ sí Ṣáínà. Ní 2018, CITES ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè dáwọ́ rírà á lọ́wọ́ Nàìjíríà dúró, títí a ó fi mú ẹ̀rí irú ìwádìí yìí wá. Olóòótọ́ àtolè ló jọ pàdánù ọjà.

Ìyá Onírúgbìn, Ọ̀yẹ́:
Bàbá, tí a bá gbìn ín ńkọ́? Ọ̀gànwó ni mo ń mú hù. Kòkòrò ń jẹ orí ọ̀mùnú rẹ̀, pàápàá níbi tí òun nìkan bá pọ̀ sí. Mo ti ń gbìn ín láàárín igi mìíràn.

Bàbá Igbó Ọba, Adó:
Ẹ ṣeun, ìyá. Gbígbìn yàtọ̀ gan-an. Nínú ìlànà onípele 9 tí àwọn ará Jámánì ṣe fún ìwádìí yìí, ìpele kejì ló ń béèrè bóyá wọ́n gbin igi náà ni. Ẹ máa kọ ibi tí irúgbìn ti wá àti ọdún tí ẹ gbìn ín sílẹ̀.

Ọmọ Ìkọ̀lé, oníbàárà rẹ náà gbọ́dọ̀ gba ìwé ìkówọlé ní Yúróòpù kí ẹrù tó gúnlẹ̀. Má tíì gba owó ẹ̀.

Ọmọ Ìkọ̀lé:
Ẹ ṣé, bàbá. N ó ní kó dúró ná. Mo fẹ́ padà sínú oko yẹn lọ wọn àwọn igi náà. Ibo lára igi ni a ti ń wọ̀n ọ́n?

Bàbá Igbó Ọba, Adó:
Ibi àyà, mítà 1.3 láti ilẹ̀. Wọn àwọn tí o kò ní gé náà.