Làkúrègbé ọwọ́ àti sefití Mosin mi

Ẹ̀yin ará, tèmi rèé o. Ọdún kẹrin rèé tí làkúrègbé ti mú mi lọ́wọ́ ọ̀tún, àtàǹpàkò ló burú jù, tílẹ̀ bá mọ́ báyìí mi ò lè ṣí ìdérí ìgò omi, ìyàwó mi ló ń bá mi ṣí i. Ìbọn tí mo sì fẹ́ràn jù ni Mosin-Nagant 91/30, ìbọn ológun Rọ́ṣíà àtijọ́, níbí ní Texas ni mo ti rà á nígbà tí wọ́n ṣì ń tà á ní nǹkan bí 100 dọ́là, gírísì bíi epo pupa tó ti dì bò ó látòkè délẹ̀.

Ẹni tó mọ Mosin ti mọ ibi tí mò ń lọ. Kò ní sefití (ohun tí kì í jẹ́ kí ìbọn dédé yìn) téèyàn ń fi ìka kan tì. Kókó irin róbótó kan ló wà lẹ́yìn bóòtì (irin tí wọ́n fi ń ti ọta wọnú ìbọn), ẹ máa fà á sẹ́yìn, ẹ máa yí i sápá òsì kó lọ há síbẹ̀, sípíríǹgì tó ń ti abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta lẹ ń bá jà yẹn, gbogbo agbára ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ tú u, ẹ máa fà á bákan náà kẹ́ ẹ tó yí i padà. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ dá ṣáká pàápàá á wa eyín pọ̀.

Lóṣù November kan, òtútù ń mú gan-an, mo ti wà lórí àga ọdẹ lókè igi látàárọ̀ kùtù, ọta ti wà nínú ìbọn, ìtọ̀ wá ń gbọ̀n mí, mo ní kí n fi sí sefití kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo fà á débì kan, ọwọ́ mi yọ̀, kókó yẹn sáré padà, gbà! Kò dún o, ẹnu ẹ̀ sì kọjú sílẹ̀, àmọ́ ìtọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má dúró dè mí mọ́. Mo ṣí bóòtì, mo kó ọta jáde, mo fi okùn sọ ìbọn kalẹ̀, mo relé. Àgbọ̀nrín kan kọjá lọ́nà, mo kàn ń wò ó ni.

Bàbá mi àgbà, ọdẹ ni ní Igbó-Ọrà, ṣakabùlà ló ń lò, kò mọ nǹkan kan tó ń jẹ́ sefití, títí ẹran á fi dúró níwájú ẹ̀ kò ní múra ìbọn sílẹ̀. Mo ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀ náà, kí n má ki ọta sínú ẹ̀ àfi tí mo bá rí ẹran. Ṣùgbọ́n bóòtì Mosin le, ó ń pariwo, ẹran ti gbọ́ kó o tó tì í wọlé.

Mo wá gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn, mo ní kó bá mi gé sípíríǹgì yẹn díẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ní kí wọ́n yọ bíréèkì mọ́tò òun torí pé ó le láti tẹ̀. Ó ní tó bá rọ̀, abẹ́rẹ́ ò ní gún ìdí ọta dáadáa, pàápàá ọta ológun àtijọ́ tí ìdí ẹ̀ le. Ó ní ká kọ́kọ́ wò ó bóyá òrùka lára kókó yẹn á ràn mí lọ́wọ́, torí fífi ìka méjì fà yàtọ̀ sí fífún un mọ́ ìka. Ìbọn ṣófo, a so okùn mọ́ ọn ká fi dán an wò. Fífà ṣe é ṣe, yíyí ni kò ṣe é ṣe, ọrùn ọwọ́ mi ò gbà.

La bá ra tírígà (ibi tí ìka ń fà kí ìbọn tó yìn) tí ilé iṣẹ́ Timney ṣe, tó ní sefití tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n gbẹ́ igi ìbọn díẹ̀ kó lè wọlé. Àtàǹpàkò kan ti tó báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, sefití àtijọ́ yẹn abẹ́rẹ́ gan-an ló ń dì mú, tuntun yìí tírígà nìkan ló ń tì, nítorí náà tí mo bá ń gun igi, kò sí ọta nínú ẹ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ẹnì kan fèsì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu. Mauser 98, ìbọn ológun Jámánì àtijọ́, ni tèmi, àtìgbà tí sitírókù ti ṣe mí ni mo ti ń bá a fà á. Sefití tó bá a wá dà bí ìyẹ́, ó gùn, kò le láti yí, àmọ́ a gbé awò ìfojúsùn (scope) lé e, kò ráyè yí mọ́, wọ́n fi kúkúrú kan rọ́pò ẹ̀, ìyẹn ló wá le bí àgádágodo. Mo yí i sí irú ti Winchester Model 70, ìbọn ọdẹ Amẹ́ríkà, ẹ̀gbẹ́ ló wà, iwájú sẹ́yìn lò ń tì í. Tó bá wà láàárín, mo lè ṣí bóòtì kí n kó ọta jáde láìtú sefití, ohun tí mo sanwó fún gan-an nìyẹn.

Ẹlòmíì náà fèsì: Lee-Enfield No. 4, ìbọn ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ni mò ń yìn ní pápá ìbọn Bisley ní England níbí, ọwọ́ òsì ara ẹ̀ ni sefití wà, bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ mì fún mi rárá. Mo ti fẹ́ náwó kí wọ́n tó bá mi tú u, àṣé gírísì àtijọ́ ló ti gan síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n onímosin, ṣé gírísì bí epo pupa yẹn ti tán lára tiyín ṣá?

Èmi onímosin náà dáhùn: Ó ti tán o jàre. Kẹ́tùlù omi gbígbóná mẹ́ta ni mo dà lé e lórí.