Kárí-ófà kan ló jẹ́ kí n pàdánù àgùnbánirọ̀: ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Alátà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba lẹ́tà ìgbàwọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ síbí. Yunifásítì ìjọba tó wà láàárín ìgboro ni mo lọ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí kì í ṣe pé mo wá fẹjọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sùn. Kẹ́mísírì ni mo kà níbẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 2018 ni mo wọlé, mo sì ti pé ọmọ ọdún 24 nígbà náà, torí ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo jókòó fún JAMB kí ọ̀nà tó là.

Ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́, aago mẹ́rin ìdájí ni ìyá mi ń jí mi kí n lè bá a gbé ata dé ọjà. Láti ọjà ni mo ti ń wọ dáńfó. Aago mẹ́jọ àárọ̀ Mọ́ńdè ni kíláàsì ìṣirò, èèyàn inú rẹ̀ sì ju ìjókòó lọ. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí, màá gbé ìwé lé ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú mi kí n tó rí nǹkan kọ. Nígbà tí wọ́n lẹ èsì mọ́ pátákó, mo fi ìka tọ nọ́ńbà mátíríkù mi láti òkè bọ̀ wálẹ̀. MTH 101: 38. 40 ni wọ́n fi ń yege.

Inú mi ò tilẹ̀ bàjẹ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n tó wà ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì òkè sọ fún mi pé kárí-ófà, ìyẹn kọ́ọ̀sì téèyàn fìdí rẹmi nínú rẹ̀, kì í pa èèyàn, pé màá tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, tán. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún wa ní ìwé kan lọ́jọ́ tí a wọlé, hánbúùkù ni wọ́n ń pè é, gbogbo òfin ẹ̀ka wa ló wà níbẹ̀. Abẹ́ àpótí aṣọ mi ni mo fi í sí. Mi ò ṣí i lẹ́ẹ̀kan rí.

Nígbà tí a wọ 200 level, mo kọ MTH 101 àti MTH 201 pọ̀ sínú fọ́ọ̀mù kan náà, mo gbé e tọ kọ́ọ̀sì àdífásà wa lọ. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Bíírò pupa ló ń lò. Ó ń ka kọ́ọ̀sì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì, nígbà tó dé MTH 201 ó dúró. Ó fa ìlà pupa kọjá lórí rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, o ò lè gun àjà kí o tó gun àkàbà. 101 ló ṣílẹ̀kùn 201." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ọ́fíìsì yẹn, mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun kọ́ lòun ṣòfin, pé bí òun bá tiẹ̀ fọwọ́ sí i, wọn yóò yọ ọ́ tí wọ́n bá ń ṣírò èsì mi.

Bí eré bí àwàdà, kọ́ọ̀sì kan ń fa ìkejì bí ìlẹ̀kẹ̀ inú okùn. MTH 201 tí mi ò ṣe ní 200 level, 300 level ni mo tó ṣe é. Kọ́ọ̀sì kẹ́mísírì tó nílò MTH 201 ní 300 level, ó di 400 level. Èyí tó gbára lé ìyẹn ní 400 level, sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń kọ́ ọ, nítorí náà ó di ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀sítírà yíà, nítorí kọ́ọ̀sì kan tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju yúnìtì mẹ́ta lọ. Ọdún yẹn, ọjọ́ kan péré láàárín ọ̀sẹ̀ ni mo ń lọ síléèwé, mo ń san owó mọ́tò, mo ń jókòó láàárín àwọn ọmọ tí mo ju ọdún méje lọ.

Ẹ má gbàgbé pé ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti da iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìgbà yẹn. Ti 2018 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, ó di oṣù kejì 2019 kí wọ́n tó padà. Ti 2020 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, ó di oṣù Kejìlá kí wọ́n tó padà. Ti 2022, ọjọ́ 14 oṣù kejì sí ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ìyẹn kan gbogbo wa, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ mi parí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, wọ́n sì lọ sìn ilẹ̀ baba wa. Èmi parí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ sínú èsì mi pé mo parí, mo ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún pẹ̀lú oṣù mẹ́ta. NYSC kì í sì í gba ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó gboyè. Ìwé ìdásílẹ̀ ni wọ́n fún mi.

Ìwé náà dára, ó ń ṣiṣẹ́, mo ti fi wá iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi ní agolo mílíìkì kan lábẹ́ tábìlì ata rẹ̀ tó ń ju ọgọ́rùn-ún náírà sí lójoojúmọ́, láti ọjọ́ tí mo ti wọlé. Owó káńpù mi ni. Ó ti sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ pé ọmọ òun yóò wọ káàkí. Lọ́jọ́ tí mo ṣàlàyé fún un pé kò ní sí káàkí, ó ní, "Ṣé torí máàkì méjì yẹn náà ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, màámi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti la òfin yunifásítì kọjá, tó gbè yín tàbí tó gé yín jẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ tiyín. Màá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún àbúrò mi.

Ìyá Ìbejì

Ọmọ Alátà, pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ yẹn wọ̀ mí lára.

Èmi, òfin ló gbà mí sílẹ̀. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àtọ̀nàjíjìn ti Yunifásítì Èkó, ní Akoka, ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́, DLI ni wọ́n ń pè é báyìí. Láti 1974 ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti wà níbẹ̀, fún àwa tí a ní iṣẹ́ àti ìdílé lọ́rùn. Mò ń ta aṣọ ní Balógun lọ́sàn-án, mò ń kàwé lóru. Ní ọdún kẹta ni mo lóyún, dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní ìbejì ni, pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, kí n lọ dùbúlẹ̀.

Ọkọ mi ní kí n má da ara mi láàmú, kí n kàn dúró sílé, màá padà nígbà tó bá yá. Ọpẹ́lọpẹ́ obìnrin kan tí a jọ ń kàwé. Ó ní, "Ìyáwó, má kàn dúró sílé o. Kọ̀wé." Ó bá mi jókòó sórí kọ̀ǹtà aṣọ mi, a kọ lẹ́tà ìdádúró ẹ̀kọ́ fún ọdún kan, a fi ìwé dókítà há a lára. Àbúrò ọkọ mi ló gbé e lọ. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà kan padà fún mi. Nígbà tí mo padà, nọ́ńbà mátíríkù mi ṣì wà láàyè, gbogbo máàkì mi ò yingin. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ níbi tí mo ti dúró.

Obìnrin tó gbà mí nímọ̀ràn yẹn, ojú rẹ̀ ló rí i. Ní ilé-ẹ̀kọ́ míràn tó kọ́kọ́ lọ, ó bímọ, ó jókòó sílé láìkọ ohunkóhun. Ìgbà tó máa padà, wọ́n ti kà á mọ́ àwọn tó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fúnra wọn. JAMB ló tún lọ rà. Oyún kan náà, ìyàtọ̀ rẹ̀ ò ju bébà kan lọ. Ẹ̀dà lẹ́tà mi tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ṣì wà nínú Bíbélì mi dòní.

Àdífásà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ẹ kú àárọ̀ ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ Alátà, èmi náà lo bíírò pupa fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkàn mi a sì máa gbọgbẹ́ nígbà míràn tí mo bá fi fa ìlà. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ ọdún àkọ́kọ́ fi ojú ara wọn rí, torí bí a bá ń pariwo CGPA, ìyẹn àròpín gbogbo èsì ọmọ, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀.

Ká sọ pé yúnìtì 20 lo ṣe ní sẹ̀mẹ́sítà. A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3. Wàá fi yúnìtì kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí o gbà di púpọ̀, wàá sì kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ká ní ó jẹ́ 72. Pín 72 sí 20, ó di 3.60. Second class upper nìyẹn, torí láti 3.50 ló ti bẹ̀rẹ̀, 4.50 sì ni first class. Ó dáa. Wàyí o, nínú 72 yẹn, kọ́ọ̀sì yúnìtì 3 kan wà tí o gba B nínú rẹ̀, 12 ni ó mú wá. Tó bá jẹ́ F lo gbà níbẹ̀, 12 yẹn lọ, 72 di 60. Ṣùgbọ́n 20 kò dín o! Yúnìtì tí o fìdí rẹmi nínú rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. 60 pín sí 20 jẹ́ 3.00. Kọ́ọ̀sì kan ti tì ọ́ kúrò ní upper sí lower. Àwọn ọmọ máa ń ní àwọn yóò tún un ṣe, A ni àwọn yóò sì gbà. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, F àkọ́kọ́ yẹn kì í kúrò nínú ìṣirò, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni òun àti A náà yóò jókòó sí. Ẹ bi ẹ̀ka tiyín léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Nǹkan kejì. Láti sáà 2023/2024 ni NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, ti ní kí àwọn yunifásítì máa lo ìlànà tuntun tí wọ́n ń pè ní CCMAS. Ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún ti wá láti Àbújá, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fi 30 tó kù kún un. Kóòdù yí padà, yúnìtì náà yí. MTH 101 di yúnìtì 2. Ìlò Èdè Gẹ̀ẹ́sì di GST 111. Ọmọ tó bá wá gbé kárí-ófà láti ìlànà àtijọ́ lè máa wá kọ́ọ̀sì rẹ̀ lórí pọ́tálì kó má rí i. Ẹ má ṣe mú èyí tó bá ti jọ ọ́ o. Ẹ lọ bá àdífásà, kó kọ èyí tó dípò rẹ̀ fún yín lórí ìwé, kó sì fọwọ́ sí i.

Ẹ má sì bẹ̀rù wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ́ pé ọjọ́ tí pọ́tálì fẹ́ tì ni mo máa ń kọ́kọ́ rí wọn, òógùn á ti bò wọ́n, àádọ́ta èèyàn á tò sẹ́nu ọ̀nà. Èyí tó bá wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo máa ń ní àyè láti bá a ka gbogbo ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Bàbá Ọláolúwa

Tèmi ò gùn. Owó ni. Ọmọ mi fẹ́ gba ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ ṣí pọ́tálì rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2024. Kò ní èlé, ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó náà fún tààrà, wọ́n sì ń fún ọmọ tó bá béèrè ní ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ. A kọ gbogbo rẹ̀, kò wọlé. A tún un kọ, kò wọlé. Àṣé "Olaoluwa" ló wà lórí NIN rẹ̀, "Ola Oluwa" ni wọ́n kọ sí ìwé JAMB. Àlàfo kan ṣoṣo! Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí a tó tún un ṣe. Ẹ yẹ orúkọ ọmọ yín wò lórí NIN, JAMB, báńkì àti ilé-ẹ̀kọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Alátà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Ìbejì, mo ka tiyín fún ìyá mi, ó ní kí n kí àwọn ìbejì.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, mo ṣe bí ẹ ti wí. Lálẹ́ àná, èmi àti àbúrò mi tẹ́ páálí sórí ilẹ̀, a ṣí hánbúùkù tirẹ̀. A kọ gbogbo kọ́ọ̀sì 100 level sí apá òsì, ti 400 sí apá ọ̀tún, a wá ń fi bíírò pupa fa ọfà láti èyí tó ṣílẹ̀kùn lọ sí èyí tó ń wọlé. Ó dé MTH 101, ọfà mẹ́ta ló jáde lára rẹ̀. Àbúrò mi wo ojú mi, kò sọ nǹkan kan.

Ìyá wa bọ́ síta láti yàrá, ó ní èwo nínú gbogbo ìlà yìí ni èyí tó ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo fi hàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka rẹ̀ tí ata ṣì wà lára rẹ̀ tọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ó ní kí a lẹ páálí náà mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Agolo mílíìkì ti padà sábẹ́ tábìlì láti àárọ̀ yìí.