Ẹ̀rọ lésà ń kọ "error" tí a bá gbé e síta wọn ilẹ̀, kí ni ká ṣe?

Bíríkìlà Ọbáńtokò: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ lésà tó lè wọn 40 mítà ń ṣe dáadáa nínú yàrá. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ olókè, níbi tí òkúta ti yọrí, "error" ló ń kọ. Bó bá tilẹ̀ kà á, kì í bá téèpù mu. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Sọ̀féyọ̀ Aṣèrò: Kò bàjẹ́ o. Ìmọ́lẹ̀ ló ń lọ lu nǹkan, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń padà wá bá ẹ̀rọ. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó 299,792 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Eré yẹn pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ ọwọ́ lè fi aago lásán kà dé mìlímítà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń mú kí agbára ìmọ́lẹ̀ náà máa lọ sókè sódò bí ìgbì, kí wọ́n wá wo bí ìgbì tó padà ṣe rẹ̀yìn sí èyí tó jáde. Bí ọ̀nà bá ti jìn, èyí tó ń padà kì í tó nǹkan, oòrùn ọ̀sán á sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ wọn ọ́n ní kùtùkùtù tàbí nírọ̀lẹ́, kí ẹ gbé pátákó funfun tí kò dán sí òpin ibẹ̀. Òkúta dúdú tó tutù ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, gíláàsì ń jẹ́ kó kọjá, páànù tuntun ń dà á sí ibòmíràn. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, torí ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò lè di àmì pupa tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń fi sára nǹkan mú lójú kan.

Káfíńtà Kútọ̀: Ẹ wo àwòrán kékeré ojú rẹ̀ pẹ̀lú, ó ń sọ bóyá láti ìdí ẹ̀rọ ni ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ tàbí láti orí rẹ̀. Bó bá wà ní orí, tí ẹ wá fi ìdí ti ògiri, gígùn ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò ní sí nínú ìwọ̀n.

Bíríkìlà Ọbáńtokò: Ìdí ló wà, ẹ̀gbọ́n. Téèpù yẹn ńkọ́?

Sọ̀féyọ̀ Aṣèrò: Téèpù tí ẹ tẹ́ sórí òkúta ń tẹ̀ lé gbogbo gegele ilẹ̀, ìlà tààrà sì ni lésà ń wọn. Bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tó jẹ́ ìwọ̀n pláànù ilẹ̀ nínú méjèèjì, torí pláànù ń ka ilẹ̀ bí ẹni pé ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ká ní lésà ka mítà 36 láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí òkè fi mítà 5 ga ju ìsàlẹ̀: 36 lọ́nà 36 jẹ́ 1,296, ẹ yọ 5 lọ́nà 5 kúrò, ó ku 1,271. Square root rẹ̀ jẹ́ 35.65. Sẹ̀ǹtímítà 35 ti lọ nìyẹn, ó sì tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín aládùúgbò méjì! Ẹ̀rọ tó bá mọ ìdàgẹ̀rẹ̀ ń ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi ìkankan nínú wọn ri òpó ààlà mọ́lẹ̀ o, iṣẹ́ sọ̀féyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ nìyẹn.

Káfíńtà Kútọ̀: Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fi téèpù irin wọn mítà 5 lára ògiri, kí ẹ wá fi lésà kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bó bá fi ju mìlímítà 3 lọ yàtọ̀, ẹ nu ojú gíláàsì rẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ bátìrì. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé tẹjú mọ́ àmì pupa yẹn.