Ọmọdé ń tọ ẹ̀jẹ̀: ṣé lóòótọ́ ló lè di jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀?

Ọmọ_Lísàbí: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ọdún 11, ń tọ ẹ̀jẹ̀, ìparí ìtọ̀ ló máa ń pọ́n. Ẹ̀bá odò Ọ̀yán ni wọ́n ń gbé, bàbá ẹ̀ ń pẹja níbẹ̀. Bàbá ní àtọ̀sí ajá lásán ni, pé kò sọ́mọkùnrin àdúgbò tí kì í ṣe, tó bá dàgbà á lọ. Èmi wá ń kà á lórí fóònù pé àwọn dókítà Íjíbítì ní aràn ló fà á, pé ó lè di jẹjẹrẹ. Ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n kàn fẹ́ dẹ́rù bà wá?

Láábù_Nilé: Ẹ má fi ṣeré rárá o. Aràn tí wọ́n ń kó nínú odò ni, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀. Òyìnbó Jámánì kan, Theodor Bilharz, ló rí i ní 1851 ní ọsibítù Kasr el-Aini ní Káírò, ó ń la òkú wò ló bá bá aràn nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀. Ẹ wá wo nǹkan o, ara akọ ní kòtò gígùn kan, inú ẹ̀ ni abo ń gbé, wọ́n á jọ wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ! Abo á máa yé ẹyin sí iṣan ara àpò ìtọ̀, ẹyin yẹn ní ẹ̀gún ṣóńṣó nídìí, tí mo bá ti rí i lábẹ́ máíkrósíkóòpù mi ò tún bi ẹnì kankan. Bó ṣe ń wá ọ̀nà jáde ló ń ya ara ibẹ̀ tẹ́jẹ̀ fi ń dà. Ẹ gba ìtọ̀ ọmọ náà láàárín aago 10 àárọ̀ sí 2 ọ̀sán, ẹ jẹ́ kó sáré díẹ̀ kó tó tọ̀, kó sì tọ̀ ọ́ tán, ìkángun ìtọ̀ yẹn gan-an la fẹ́.

Àgbà_Odò: Àwọn bàbá wa ò wẹ odò ni? Èmi náà tọ ẹ̀jẹ̀ lọ́mọdé, ṣé mo kú?

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ọpẹ́ ni pé ẹ ò kú, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yọ. Àìsàn yìí ti wà tipẹ́ lóòótọ́, ní 1910 dókítà kan, Marc Armand Ruffer, rí ẹyin aràn yìí nínú kíndìnrín òkú Íjíbítì tí wọ́n ti sin láti bí ọdún 3,000. Ìṣòro ibẹ̀ ni ẹyin tí kò rójú jáde, á há sára àpò ìtọ̀, ibẹ̀ á máa wú á máa le, ogún ọdún ọgbọ̀n ọdún, kí jẹjẹrẹ tó yọjú. Ẹ lọ wo iṣẹ́ Dókítà Mohamed Ghoneim ní ìlú Mansoura ní Íjíbítì, àwọn tí wọ́n gé àpò ìtọ̀ wọn kúrò nítorí jẹjẹrẹ, 1,026 ló kó jáde nínú ìwé kan ṣoṣo ní 1997! Wọ́n tún máa ń fi ìfun ṣe àpò míì fún ẹlòmíì kó lè máa rí ibi tọ̀. Àjọ tó ń wádìí ohun tó ń fa jẹjẹrẹ lágbàáyé náà ti ka aràn yìí mọ́ ọn láti 1994. Ẹ má bẹ̀rù ṣá, ọmọ ọdún 11 ṣì wà lójú ọ̀nà ìwòsàn dáadáa.

Ọmọ_Lísàbí: Háà! Oògùn ńkọ́, ṣé abẹ́rẹ́ ni?

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́: Rárá o, praziquantel ni, oníhóró, bó bá ṣe tẹ̀wọ̀n sí ni wọ́n máa ka hóró fún un. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún ní Íjíbítì tẹ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n ń fi gún èèyàn púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn ẹ̀dọ̀ hepatitis C ṣe ràn káàkiri ibẹ̀. Kó jẹun kó tó lo praziquantel, torí inú lè rú u. Oògùn yẹn kì í sì í pa ọmọ aràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dáadáa, wọ́n lè ní kó tún un lò.

Láábù_Nilé: Tó bá sì padà sódò, á tún kó o. Láti 1915 ni òyìnbó onímọ̀ aràn kan, Leiper, ti fi hàn pé inú ìgbín odò ni ọmọ aràn yìí ti ń jáde, awọ ara ló ń gbà wọlé, kò dìgbà téèyàn bá mu omi. Bàbá ọmọ náà ńkọ́, ṣebí òun náà ń wọ odò lójoojúmọ́?

Ọmọ_Lísàbí: Ó ń wọ̀ ọ́ o. Ó sì ní ẹ̀yìn ń dun òun.

Láábù_Nilé: Ẹ kó àwọn méjèèjì wá.