Ọmọ mi ní ìmọ́lẹ̀ lòun fẹ́ máa fi yẹ inú òkun wò, ṣé iṣẹ́ gidi ni?

ÌyáAláró: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Àdìrẹ lèmi ń ṣe ní Ìtòkú níbí, mi ò kàwé lọ títí, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS3 ká mi mọ́lé lálẹ́ àná, ó ní physics lòun fẹ́ kà ní yunifásítì, pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé àwọ̀ omi òkun ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, irú ẹ̀ lòun fẹ́ ṣe. Mo ní òkun wo ló wà l'Abẹ́òkúta? Ló bá bínú wọlé, kò jẹun. Ó wá ń dùn mí, torí ọmọ yìí kì í ṣeré lásán, àtikékeré ló ti máa ń jókòó ti ìkòkò aró mi táá máa bi mí pé kí ló dé táṣọ fi máa ń ṣe bí àwọ̀ ewé tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́, kó tó wá di búlúù. Ṣé iṣẹ́ yìí wà lóòótọ́ àbí wọ́n kàn ń tàn án lórí fóònù?

Dàpọ̀Tíṣà: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ó wà mà, ó sì ti pẹ́. Lọ́dún 1865, fádà kan ní Ítálì tó ń jẹ́ Angelo Secchi ló so àwo funfun mọ́ okùn, ó ń sọ ọ́ sínú òkun látinú ọkọ̀ ojú omi Póòpù, ibi tójú ò bá ti rí àwo yẹn mọ́ ni wọ́n á ti wọn okùn, wọ́n á sì mọ bómi ṣe mọ́ tó. Wọ́n ṣì ń lò ó dòní.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tá à ń rí yìí, oríṣiríṣi àwọ̀ ló wà nínú ẹ̀ mà. Tó bá wọ omi, pupa lomi kọ́kọ́ máa ń gbé mì, búlúù ló máa ń rìn jìnnà jù, ìdí nìyẹn tí àárín òkun fi búlúù. Ṣùgbọ́n táwọn ewéko tíntìntín tójú lásán ò lè rí bá pọ̀ níbẹ̀, chlorophyll inú wọn, ìyẹn ohun tó ń fún ewé ní àwọ̀ ẹ̀, á jẹ búlúù, á jẹ pupa, á wá ṣẹ́ku àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá ń wo bí àwọ̀ yẹn ṣe ń yí ti mọ ibi tí oúnjẹ ẹja pọ̀ sí. NASA, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú, ti gbé ẹ̀rọ tó ń wo àwọ̀ òkun lọ sókè láti 1978, wọ́n tún gbé òmíì tó ń jẹ́ PACE lọ ní February 2024. Wàhálà ibẹ̀ ni pé nínú ìmọ́lẹ̀ tí sátẹ́láìtì ń gbà lókè òkun, bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló jẹ́ ti afẹ́fẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìṣirò yọ ìyẹn kúrò kí wọ́n tó rí ti omi. Orí kọ̀ǹpútà nìyẹn mà, èèyàn lè jókòó sí Ìtòkú ṣe é.

ỌmọLáfẹ́nwá: Bùọ̀dá Dàpọ̀, ẹ ṣé, àmọ́ etí òkun ò rọrùn báyẹn o. Ewé tó ti jẹrà sínú odò máa ń jẹ́ kómi pọ́n bíi tíì, ìyẹn náà máa ń gbé búlúù mì, tí yẹ̀pẹ̀ bá tún dà sí i, sátẹ́láìtì á máa rò pé ewéko ló pọ̀. Ẹja ni bàbá mi ń pa lórí odò Ògùn, mo ti lu ihò sáwo funfun rí, mo so òkúta mọ́ ọn, mo sọ ọ́ látinú ọkọ̀ wọn. Nígbà òjò, kò tíì wọlé tó ìgbọ̀nwọ́ mi tí mi ò fi rí i mọ́, àfi omi pupa. Nígbà ọyẹ́ mo rí i títí ó fi jìn ju ẹsẹ̀ mi lọ. Omi yìí kan náà ló ń lọ sínú ọ̀sà Èkó, ibẹ̀ ló ń gbà dé òkun, ẹ sọ fún àbúrò mi pé òkun ò jìnnà sí i.

Bísí_Èkó: Mà, NIOMR, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa òkun, wà ní Victoria Island láti 1975. Tó bá fẹ́ wà nítòsí yín, physics wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, ẹ̀ka ẹja náà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mú maths dáadáa, kó kọ́ kọ̀ǹpútà. Àwòrán òkun tí NASA ń yà, ọ̀fẹ́ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó lónìí. Ẹ tún ní kó wá ọ̀rọ̀ kà nípa àwọn Argo, ẹ̀rọ gbọọrọ tó ń dá rì wọ inú òkun dé 2,000 mítà táá tún dá jáde, àwọn kan nínú wọn ní sẹ́ńsọ̀ ìmọ́lẹ̀ lára.

ÌyáAláró: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti kà á fún un, ó ti jẹun. Èmi náà rò ó, ìfófòó orí aró ni mo máa ń wò tí mo fi ń mọ̀ bóyá ó ti tó rẹ, kò sẹ́ni tó kọ́ mi lórí ìwé. A ti jọ lu ihò sáwo funfun kan báyìí, okùn ìdìṣọ ló fi so ó. ỌmọLáfẹ́nwá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bi bàbá yín bóyá wọ́n máa wà lódò ní Sátidé. Mo máa tẹ̀ lé e wá fúnra mi, torí kò mọ omi í wẹ̀.