Láminéètì tó ń ṣe gbágungbàgun lójú ìpàdé: ṣé a lè tú u ká tún un tò?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà káfíńtà. Láminéètì 8 mm, pákó ilẹ̀ tí wọ́n ń há mọ́ra, ni wọ́n tẹ́ sí yàrá kan nísàlẹ̀ ilé, lórí kọnkéré, fóòmù 2 mm ló wà lábẹ́ rẹ̀. Láàárín yàrá, ẹ̀gbẹ́ àwọn pákó kan ti ga ju ti ìkejì wọn lọ, ilẹ̀ sì ń rì díẹ̀ béèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Ṣé a lè tú u ká tún un tò láìra tuntun?

Èsì 1
Ó ṣeé ṣe, bí ẹ̀gbẹ́ pákó kò bá tíì wú. Èyí tó bá ti mumi wú kò ní padà sípò mọ́. Ẹ má sì fi sáńpépà kàn án rárá: àwòrán igi ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi bébà ni, yóò bó.

Rírì yẹn ló tú àṣírí: ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kò tẹ́jú. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ pákó wọ kòtò lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n tó so ó mọ́ èkejì ń ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ yọ skirting, ìyẹn igi tẹ́ẹ́rẹ́ ẹsẹ̀ ògiri, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ògiri tí wọ́n parí iṣẹ́ sí. Pákó ìlà ibẹ̀ sábà máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, torí wọ́n ti là á. Ẹ lẹ téèpù mọ́ pákó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí i. Ẹ gbé ìlà kan lódindi sókè díẹ̀ títí yóò fi tú. Ní ti ibi tí orí pákó méjì ti pàdé nínú ìlà, ẹ fà á sí ẹ̀gbẹ́ kó yọ̀ jáde; bí ẹ bá ká a sókè, ó lè ṣẹ́.

Ẹ wá gbé igi títọ́ 2 m lé kọnkéré. Àlàfo abẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 3 mm lọ. Ẹ ha ibi tó ga. Ẹ fi sìmẹ́ńtì tó ń tẹ́ ara rẹ̀ dí kòtò, kó sì gbẹ dáadáa. Fóòmù méjì lórí ara wọn kọ́ ni oògùn rẹ̀ o! Ṣe ni rírì yóò pọ̀ sí i.

Èsì 2
Òótọ́ lọ̀gá sọ. Àmọ́ ìsàlẹ̀ ilé ni, ẹ yẹ ọ̀rinrin wò. Ẹ fi téèpù lẹ náílọ́ọ̀nù 1 m sí 1 m mọ́ kọnkéré fún ọjọ́ kan. Bí omi bá sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, tàbí tí ibẹ̀ dúdú, ẹ tẹ́ náílọ́ọ̀nù tó nípọn tó 0.2 mm kí fóòmù tó dé, kí etí rẹ̀ gun ara wọn ní 20 cm. Ẹ fi àyè 10 mm sílẹ̀ lára ògiri yíká, títí kan ẹsẹ̀ férémù ilẹ̀kùn, ibi tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Àwọn pákó tí ahọ́n wọn ti ṣẹ́ ńkọ́?

Èsì 1
Ẹ kó wọn sọ́tọ̀, kí ẹ máa gé wọn lò létí ògiri, níbi tí ahọ́n kò ti wúlò. Ẹ ra páálí kan kún un, oríṣi kan náà gan-an ni o, torí ọ̀nà tí wọ́n fi ń há mọ́ra yàtọ̀ síra. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbọn gbogbo ihò pákó. Yanrìn bíńtín lè má jẹ́ kó wọlé. Orí pákó ìlà kan gbọ́dọ̀ jìnnà sí ti ìlà kejì tó 30 cm. Bí ẹ bá ń fi òòlù kàn án wọlé, ẹ fi àjákù láminéètì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ má lù ú ní tààràtà.