Èsì: «Òtítọ́ àdàlù» kọ́, ẹ jẹ́ ká wo «mọ́»

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mo kí ẹ̀gbọ́n wa ti Èkó tó gbé ọ̀rọ̀ yìí síta, nítorí ẹni tó dá ọ̀rọ̀ tuntun ló ṣiṣẹ́, àwa tí à ń tú u palẹ̀ kàn jókòó ni. Ṣùgbọ́n «òtítọ́ àdàlù» tó dá yìí, ara mi kò gbà á.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ohun tí àwọn Faransé ń pè ní réalité mixte (mixed reality ní Gẹ̀ẹ́sì) ni ẹ̀gbọ́n ń wá orúkọ Yorùbá fún, pàápàá bí wọ́n ṣe ń lò ó láti fi ran aláìsàn pàjáwìrì lọ́wọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Nọ́ọ̀sì dé awò tó ní kámẹ́rà sójú. Dókítà tó wà ní ìlú mìíràn ń rí ohun tí nọ́ọ̀sì ń rí. Ó fa ìlà lórí àwòrán tó wà níwájú tirẹ̀, ìlà náà sì yọ sí nọ́ọ̀sì lójú bí ẹni pé ara aláìsàn gan-an ni wọ́n fà á sí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Níbo wá ni òtítọ́ ti wọ̀ ọ́? Irọ́ ni òdìkejì òtítọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dé iwájú Alákétu kó ní òtítọ́ àdàlù ni òun mú wá, ká wo bí yóò ṣe jáde níbẹ̀.

Òtítọ́ nìkan kọ́ ló ń bí mi nínú. Lù ni. Ta ni í da nǹkan lu nǹkan lọ́dọ̀ wa? Ẹni tó da omi lu epo kó tó gbé e lọ sọ́jà, orúkọ rẹ̀ kì í ṣe oníṣègùn. Ohun tí a bá sì ti dàlù, a kì í rí i yà sọ́tọ̀ mọ́. Awò yìí kò rí bẹ́ẹ̀: bọ́ ọ kúrò lójú, ìlà dókítà lọ, ara aláìsàn kù síbi tó wà. Èwo ló dàlù níbẹ̀? Àwọn ọmọ tó wà nílé, tí mo ka ọ̀rọ̀ náà sí létí, ẹ̀wà àti àgbàdo ni wọ́n rò. Ohùn kan ṣoṣo ló ya àdàlù sọ́tọ̀ sí àdàlú, mélòó nínú wa ló sì ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ níbí?

Ẹ̀gbọ́n ní òun tẹ̀ lé ohun tí àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà wí. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn. Nígbà tí Paul Milgram àti Fumio Kishino gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní 1994, ìlà kan ni wọ́n fà. Ayé tí à ń fojú lásán rí wà ní ìpẹ̀kun kan, ayé tí kọ̀ǹpútà dá látòkè délẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun kejì, gbogbo ohun tó bọ́ sáàárín ni wọ́n fi orúkọ yẹn pè. Ibi tí nǹkan dúró sí lórí ìlà ni wọ́n ń sọ, wọn kò ro nǹkankan pọ̀ nínú ìkòkò.

Ohun tí mo fi síwájú yín ni ìran àfimọ́, ìyẹn ìran tí a fi nǹkan mìíràn mọ́. Mo ti gbọ́ pé ẹnì kan ti ń rẹ́rìn-ín pé ìran àfimọ́ dà bí ẹrú tí wọ́n sọ di ọmọ ilé. Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Ìran tí à ń wò àti ìran tí a ti ṣẹ̀ wá ti ń gbé inú ilé kan náà láti ayébáyé, a kò sì gbọ́ pé wọ́n jà. Mọ́ ni kí ẹ wò. Gbogbo yín lẹ mọ àfòmọ́ lórí igi obì: ó wà lára igi, ewé rẹ̀ yàtọ̀, kò sẹ́ni tó ń wò ó tó ń pè é ní obì. Bẹ́ẹ̀ ni ìlà dókítà ṣe wà lára ohun tí nọ́ọ̀sì ń wò.

Àǹfààní tí ohun yìí ní lórí fídíò WhatsApp, inú mọ́ yìí kan náà ló wà. Lórí fídíò, dókítà lè wí pé «lókè díẹ̀, rárá, lápá òsì», òsì ta ni? Awò náà ní tirẹ̀ ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà sí i, ó ń ya àwòrán yàrá náà sínú ara rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí nọ́ọ̀sì bá yí orí lọ mú abẹ́rẹ́ tó sì yí padà, àmì ṣì wà níbi tí dókítà fi í sí. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì méjèèjì sì wà lófìfo fún iṣẹ́, kò fi ọ̀kan di fóònù mú. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì náà ń ríran, kí wọ́n ṣáà fi ibi tí yóò wò hàn án.

Àbúrò wa kan láti Ṣábẹ, tó mọ ẹ̀rọ jù mí lọ, kò gba «mọ́» yìí. Àfisí ló fẹ́. Ẹjọ́ tó rò ni pé àyè tí ara wà ni awò ń fi àmì sí, kì í ṣe ara fúnra rẹ̀. Bí aláìsàn bá yí ẹ̀gbẹ́, àmì lè dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀ kí ara sì ti kúrò lábẹ́ rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ, òótọ́ ló sọ, ọ̀rọ̀ eré sì kọ́. Ẹ ro ti ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ ṣe, tí afẹ́fẹ́ há sí láyà tó ń fún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ pa. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n á fi tú afẹ́fẹ́ náà jáde, láàárín egungun ìhà méjì. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gba abẹ́ egungun ìhà kọ̀ọ̀kan kọjá, nítorí náà etí òkè egungun tó wà nísàlẹ̀ ni abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Àmì tó bá sún ní ìbú ìka kan, ó ti di ọ̀ràn. Ìyẹn ni dókítà kì í fi í gbẹ́kẹ̀ lé àmì nìkan, á ní kí nọ́ọ̀sì fi ìka wá egungun náà kó tó gún un.

Lórí gírámà ńkọ́? Àbúrò, o kò jàre. O ní «sí» ló ń bá àyè lọ, «mọ́» ló ń bá ara lọ. Gbá a mọ́ra, so ó mọ́ ọrùn, mo gbà. Ṣùgbọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ńkọ́? Ògiri ní ara ni? Mọ́ gba ara, ó gba àyè. Sí kò ju kí a gbé nǹkan kalẹ̀ ká máa lọ.

Ẹni tó ní ká kàn máa pè é ní hólólẹ́ǹsì ká sinmi, Microsoft gbé awò rẹ̀ tó ń jẹ́ HoloLens jáde ní 2016, ó gbé èkejì jáde ní 2019, nígbà tó fi máa di 2024 ó ti ní òun kò ṣe é mọ́. Ṣé ohun tí wọn kò ṣe mọ́ la fẹ́ fi sọ ọmọ lórúkọ?

Ọ̀rẹ́ wa ti Ìbàdàn ní tirẹ̀ kò fẹ́ «ìṣègùn òkèèrè» fún ìtọ́jú láti ọ̀nà jíjìn yìí, ó ní òkèèrè á mú kí ènìyàn rò pé òkè òkun ni wọ́n ti ń tọ́jú òun. Ó tún lè jẹ́ òkè òkun lóòótọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2001, Jacques Marescaux, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, jókòó ní New York, ó darí ọwọ́ ẹ̀rọ tó yọ àpò òróòro obìnrin kan ní Strasbourg, agbami òkun wà láàárín wọn. (Kò sí àfimọ́ kankan nínú ìyẹn, ẹ má dà wọ́n pọ̀.) Ó sì lè jẹ́ yàrá kejì: ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà, dókítà kan á dé awò wọ yàrá aláìsàn ní London, àwọn yòókù á dúró síta, wọ́n á máa bá a wò kí àrùn má bàa ran gbogbo wọn. Ní Benin, láti Kétu dé Kútọnu ju 100 kìlómítà lọ, láti Ṣábẹ ju 200 lọ, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ kò sì bá ọ̀nà ṣàdéhùn. Òkèèrè ti tó fún mi. Àbí òkèèrè kọ́ lolójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun?

Ti pàjáwìrì tí bàbá kan láti Àjàṣẹ́ tú sí «pa ajá», tó ní ẹbọ Ògún ni, kò yẹ kó wọ ilé ìwòsàn: bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n níbo ni wìrì wá wọlé? Ẹ tú u tán ká gbọ́. Ìyá mi àgbà, agbẹ̀bí ni wọ́n, «ọ̀ràn dé» ni wọ́n ń wí, wọ́n á sì ti mú ọ̀nà pọ̀n kẹ́ni tó wá pè wọ́n tó parí ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi «ọ̀ràn dé» rọ́pò rẹ̀, èmi ṣe tán.

Ohun kan tún kù. Àbúrò wa láti Pobè kọ kpàjáwìrì àti àfimɔ́, ẹnì kan sì dá a lóhùn pé kó lọ kọ́ Yorùbá kó tó dá sí i. Ìwọ tó sọ bẹ́ẹ̀, ọdún 1975 ni ìjọba Benin ti fi álífábẹ́ẹ̀tì yẹn lélẹ̀, CENALA, ilé iṣẹ́ ìjọba lórí ìmọ̀ èdè, tún un ṣe ní 1990, òun ni wọ́n fi kọ́ ọmọ náà. Èmi ń kọ ọ́ bí tiyín ti Nàìjíríà níbí kí gbogbo wa lè kà á, ojúrere ni. Ìwọ ńkọ́, o ti fi ɔ kọ lẹ́tà kan rí fún wa?

Kí ẹni tó bá ṣì fẹ́ gbèjà àdàlù mú ọ̀rọ̀ orúkọ kan wá, tí lù parí rẹ̀, tó ṣeé pè lẹ́bàá ìbùsùn aláìsàn. Ìkọlù ni mo rí. Mi ò tíì rí òmíràn.